APÁ TI KÁ APÁ

Ọ̀rọ̀ tí àwa oníṣòwò pákó ní Custom, Máídúgùrì, sọ nípa àwọn igi tí a fi ń ṣe ilẹ̀ onípákó

  Ọlọ́run tí ó yọ wá nínú ogun, tí ó sì yọ wá nínú omíyalé, òun ni kí ó gba ọpẹ́ wa.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ìkówójọ yìí ní kí àwa tí a ń ta pákó wá sọ̀rọ̀, ó yà wá lẹ́nu. Ìwé mẹ́fà ni ẹni tí ó kàwé jù nínú wa kà. A kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ bí àwọn lọ́yà àti tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, àwa sì ti wà nínú kòtò yìí fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ìdí nìyẹn tí a fi gbà láti wá.

Ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ bi wá kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ní ilé ìpàdé tí ẹgbẹ́ fẹ́ kọ́ yóò jẹ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n fẹ́ kí pèpéle inú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ àti ilẹ̀ yàrá òkè jẹ́ pákó gidi, bí ti ilé àwọn baba wa ní ìhà ilé, kí ẹni tí ó bá wọlé lè mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ló ni ín. Wọ́n wá ní kí á sọ iye tí pákó apá tàbí ìrókò tí yóò tó iṣẹ́ náà yóò jẹ́. Ìdáhùn wa nìyí: a lè ṣírò owó rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ tà á fún yín. Ẹ má ṣe bínú. Oníṣòwò tí ó bá rí oníbàárà tí ó sì ní òun kò tà, ó yẹ kí ó sọ ìdí rẹ̀. Ohun tí a wá sọ lónìí nìyẹn.

BÍ A TI DÉ ÌDÍ PÁKÓ

Láàárín ọdún 1984 sí 1988 ni púpọ̀ nínú wa dé ìlú yìí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú wa, ọmọ Ọ̀ffà wà, ọmọ Ìwó àti ọmọ Ìjẹ̀bú wà. Ojú irin tí wọ́n là dé Máídúgùrì ní ọdún 1964 ló gbé àwọn ọ̀gá wa wá. Ní tiwa, ẹ̀yìn lọ́rì ni a jókòó sí, lórí ẹrù. Pákó sì ni ilẹ̀ ẹ̀yìn lọ́rì náà. A ti ń jókòó lórí òwò wa kí á tó mọ̀ pé òwò wa ni.

Àwọn ọ̀gá wa kọ́ wa láti mọ igi. Wọn kì í jẹ́ kí á fi ojú nìkan wò ó. A óò gbé e wò bí ó ti wúwo tó, a óò gbọ́ òórùn rẹ̀, a óò fi èékánná ha á. Ìrókò a máa pọ́n bí oyin nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, bí ó bá sì pẹ́ nínú afẹ́fẹ́, a dúdú díẹ̀. Eruku rẹ̀ a máa yún ni lára, a sì máa mú ni sín. Nígbà mìíràn òkúta a máa wà nínú rẹ̀ tí yóò ba eyín ayùn jẹ́. Ìdígbò a máa pupa rúsúrúsú, bí omi bá sì kàn án níbi tí ìṣó wà, ibẹ̀ yóò dúdú. Ọ̀gànwó pupa, ó sì ń dán.

Ṣùgbọ́n ní ti ilẹ̀ onípákó, apá ni ọba wọn. Bí ó bá ti gbẹ dáadáa, kì í wú lásìkò òjò, kì í sì í sún kì lásìkò ẹ̀rùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Máídúgùrì pẹ́, ẹ mọ ohun tí à ń sọ, nítorí pé ọyẹ́ tí ó ń la ètè níbí náà ló ń la pákó. Ikán kì í fẹ́ fi ẹnu kan apá. Ìṣó pàápàá, kí káfíńtà tó kàn án mọ́ ọn, yóò kọ́kọ́ lu ihò fún un.

Nígbà náà, àwọn tí ń kan bọ́dì lọ́rì ni oníbàárà wa tí ó tóbi jù. Lọ́rì tí ń kó ẹja láti Baga, èyí tí ń kó màlúù lọ sí ìsàlẹ̀ Èkó, apá ni wọ́n fẹ́ kí á tẹ́ sí ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pàtàkò màlúù àti omi ẹja. Ní ilé wa náà, ẹ rántí àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Ìjẹ̀bú-Òde. Pákó ni ilẹ̀ òkè wọn. Bí ọmọdé bá ń sáré lókè, àgbà tí ó wà nísàlẹ̀ yóò máa gbọ́ gbì-gbì-gbì, yóò sì pariwo pé kí wọ́n má wó ilé lé òun lórí. Púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn, ẹni tí ó kọ́ ọ ti kú, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n pákó rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀.

Òyìnbó náà mọ ohun tí ó dára. Apá tiwa yìí ni wọ́n ń pè ní doussié tàbí afzelia. Wọ́n ń gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á tò ó sí ilẹ̀ pálọ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní, wọ́n á fi ọ̀dà pa á títí yóò fi máa dán bí dígí. Wọ́n ń lo ìrókò bẹ́ẹ̀ náà. Ní ìlú Sapele, ilé iṣẹ́ ńlá African Timber and Plywood ti UAC ń la gẹdú fún ọjà òkèèrè nígbà kan rí. Títí di òní, igi kan wà tí gbogbo ayé ń pè ní sapele, orúkọ ìlú wa kan ní Nàìjíríà sì ni. Igi wa ti rìn jìnnà jù wá lọ.

APÁ KÒ KÁ APÁ

Àwọn àgbà wa ní apá kò ká apá, apá kò ká oṣè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kí ó fi gbá ìdí igi apá tàbí igi oṣè mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ kò ní pàdé lódìkejì. Àdúrà ni a fi ń gbà, pé kí apá àwọn ọ̀tá má ṣe ká wa. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tí ì ṣe àmín sí i rí.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, nínú ìtì igi tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa láti bí ọdún mẹ́wàá sí ìsinsìnyí, apá ti ká apá. Ní ayé ọ̀gá wa, pákó apá tí ó fẹ̀ ní ínṣì 12, tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí kò ní kókó kankan lára, kì í ṣe ohun tí à ń pe ara wa wá wò. Lónìí, bí irú rẹ̀ bá dé, gbogbo àwa tí a wà nídìí òwò yìí ni yóò jáde wá wò ó. Èyí tí à ń rí kò ju ínṣì 6 lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì á sì funfun. Pákó tí ó bá ní funfun tó bẹ́ẹ̀, igi tí kò tí ì gbó ni wọ́n gé. Ikán a sì máa jẹ funfun yẹn bí ó ti ń jẹ igi yòókù.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n já ìtì apá mélòó kan sílẹ̀ fún wa. Ọmọ ọ̀kan nínú wa, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, ń ṣeré lẹ́bàá wọn. Ó dì mọ́ ìtì kan bí ìgbà tí ọmọ bá dì mọ́ ìyá rẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sì kan ti òsì. Ọmọ ọdún 13 ni. Ó rẹ́rìn-ín. Àwa àgbà tí a mọ òwe náà kò lè rẹ́rìn-ín.

OHUN TÍ Ó FÀ Á

Àwọn igi wọ̀nyí kì í tètè dàgbà. Ẹni tí ó bá gbin ìrókò lónìí, ọmọ rẹ̀ ni yóò là á, bí kì í bá ṣe ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wọn kì í sì í hù pọ̀ bí ẹ̀gẹ́. Akọ àti abo ni ìrókò. Igi tí ó jẹ́ akọ yàtọ̀, igi tí ó jẹ́ abo yàtọ̀, wọ́n sì lè jìnnà sí ara wọn nínú igbó. Abo nìkan ló ń so èso, àwọn àdán ló sì ń jẹ èso náà tí wọ́n ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Bí agégedú bá gé abo tán, akọ tí ó kù yóò kàn dúró lásán ni.

Ẹnìkan lè sọ pé kí á gbin ìrókò púpọ̀ sí ojú kan bí a ti ń gbin kòkó. Àwọn fọ́rẹ́sì ti gbìyànjú rẹ̀ tipẹ́. Kòkòrò kékeré kan wà tí í mú ewé ọmọ ìrókò wú kókó-kókó, tí orí rẹ̀ á sì kú. Àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó tí ó wà ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1954, ti ń bá kòkòrò yìí jìjàkadì láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, ìrókò tí à ń là, èyí tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ gbìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti apá, òkè ọya àti ìsàlẹ̀ ló ń hù. Kawo ni àwọn Háúsá ń pè é. Màlúù fẹ́ràn ewé rẹ̀, àwọn darandaran a sì máa gé ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn nígbà ẹ̀rùn. A kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ewé yẹn ló kù nígbà tí koríko ti gbẹ. Ṣùgbọ́n igi tí a bá ń gé lẹ́ka lọ́dọọdún kì í so tó bí ó ti yẹ. Èyí tí ó bá sì so tí ó hù, iná ọdọọdún á jó o ní kékeré.

Kò tán síbẹ̀ o. Ní ayé àtijọ́, ọkùnrin méjì ló ń fi ayùn ńlá la ìtì kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nínú kòtò nísàlẹ̀, wọ́n á sì fi ọjọ́ mélòó kan ṣe é. Ayùn náà lọ́ra, ìlọ́ra yẹn sì ń ṣọ́ igbó. Ayùn ẹ̀rọ dé, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di ti wákàtí mélòó kan. Àwọn baba wa tún ní ìbẹ̀rù tí àwa kò ní. Wọ́n ń fi aṣọ funfun di ìdí ìrókò, wọ́n ní Olúwéré ń gbé inú rẹ̀. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni wá, a kò ní kí ẹnikẹ́ni padà lọ bọ igi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a já aṣọ funfun náà, a kò fi ohun kan rọ́pò rẹ̀.

Àjọ IUCN tí ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tí ó lè parun sílẹ̀ fún gbogbo ayé ti kọ apá, ọ̀gànwó àti ìdígbò sínú àwọn igi tí ewu wà lórí wọn. Ìrókò wà nítòsí wọn níbẹ̀. Igi mẹ́rin tí ọ̀gá wa kọ́kọ́ kọ́ wa láti mọ̀ nìyẹn.

ÒFIN Ń ṢỌ́ ẸNUBODÈ

Ẹ má ṣe rò pé ìjọba kò mọ̀. Àdéhùn kan wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ayé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CITES, tí ó ń ṣàkóso títà àwọn ẹranko àti igi tí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n lè tán. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọdún 1974. Ní ọdún 2016, nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé wọn ní Johannesburg, wọ́n fi igi madobiya sínú rẹ̀. Madrid ni àwọn oníṣòwò ń pè é ní ìhà Taraba. Àwọn ará Ṣáínà fẹ́ràn rẹ̀ fún àga àti tábìlì olówó ńlá. Ní ọdún 2017, àjọ kan tí ń jẹ́ EIA gbé ìwádìí jáde pé ìtì madobiya tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ti ti Nàìjíríà dé Ṣáínà, àti pé ìwé àṣẹ wọn kò mọ́. Ní ọdún 2018, CITES ní kí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù má ṣe gba madobiya lọ́wọ́ Nàìjíríà mọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n tún pàdé ní Panama. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi apá àti ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà sínú àdéhùn náà, pẹ̀lú gbogbo ìbátan madobiya tí ó wà ní Áfíríkà. Láti ọdún 2023, ìtì tàbí pákó wọn kò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìní ìwé tí ó fi hàn pé gígé rẹ̀ kò ní pa irú igi náà run. Kì í ṣe ti Áfíríkà nìkan. Ní ìpàdé kan náà ni wọ́n ti fi ipê sí i, igi Brazil tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń tẹ́ ilẹ̀ ìta ilé wọn. Gbogbo ibi tí igi líle ilẹ̀ onípákó bá wà, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò.

Àwa tí a ń gbé Custom, orúkọ àwọn aṣọ́bodè ni àdúgbò wa ń jẹ́. Ó wà nínú ìwé àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà pé gẹdú, ìbáà jẹ́ ìtì, ìbáà jẹ́ pákó, wà lára ohun tí a kò gbọdọ̀ kó jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí. Nítorí náà, a kò lè sọ pé a kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ara balẹ̀ wò ó. Gbogbo òfin tí a kà wọ̀nyí, ẹnubodè ni wọ́n ń ṣọ́. Bí wọ́n bá gé apá ní igbó kan ní Nàìjíríà, tí a sì tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ gbọ̀ngàn wa ní Máídúgùrì, kò kọjá ẹnubodè kankan. Kò sí ará Panama tí yóò bi wá léèrè. Àwa nìkan ni a lè ṣọ́ ilẹ̀ gbọ̀ngàn tiwa.

Ẹ̀BI TIWA

A kò ní wá síbí kí á máa dá agégedú lẹ́bi, kí á fi ara wa sílẹ̀. Ìgbà púpọ̀ ni lọ́rì ti dé bá wa pẹ̀lú pákó tí a kò béèrè òǹtẹ̀ fọ́rẹ́sì lára ìtì rẹ̀. A mọ̀ pé bí a bá béèrè, a lè má rí pákó rà. Ìgbà mìíràn wà tí apá kò sí, tí oníbàárà sì takú pé apá ni òun fẹ́. A fi ọ̀dà pa igi pupa mìíràn, a pè é ní apá. Ọkùnrin kan rà á fún ẹ̀yìn lọ́rì rẹ̀. Kò ju ọdún méjì lọ tí ó fi padà wá, ó gbé pákó tí ikán ti jẹ lọ́wọ́, ó kàn jù ú sílẹ̀ níwájú wa, kò sọ̀rọ̀. A dá owó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò tún rajà lọ́dọ̀ wa mọ́. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ forí jì wá.

Nígbà tí a jíròrò ọ̀rọ̀ òní láàárín ara wa, ẹnìkan nínú wa bínú. Ó ní, “Bí a kò bá tà á, ẹlòmíràn yóò tà á. Ta ni yóò san owó ilé ìwé àwọn ọmọ wa?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àwọn ọmọ wa tí ó ti di nọ́ọ̀sì, tí ó ti di tíṣà, pákó ló rán wọn lọ. A kò sì wá purọ́ níbí pé láti ọ̀la lọ a kò ní ta pákó mọ́. Ṣùgbọ́n a bi í pé ọmọ rẹ̀ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ni ọmọ náà yóò tà nígbà tí ó bá di ẹni àádọ́ta ọdún? Ó dákẹ́. Gbogbo wa dákẹ́. Bí kànga ilé bá ń gbẹ, a kì í torí pé aládùúgbò ń pọn ún kí àwa náà mú garawa méjì.

ẸNI TÍ Ó GBIN DÓŃGÓYÁRÒ

Ẹ jẹ́ kí á wo ìta. Igi wo ni ó ń bo wá lórí lọ́wọ́ oòrùn Máídúgùrì? Dóńgóyárò ni. Igi yìí kì í ṣe ti Borno, kì í sì í ṣe ti Nàìjíríà. Ilẹ̀ Íńdíà ni ìdílé rẹ̀ wà. Láti Gánà ni wọ́n ti mú irúgbìn rẹ̀ wá, Máídúgùrì níbí ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbìn ín ní Nàìjíríà ní ọdún 1928. Láti ibẹ̀ ló ti tàn káàkiri òkè ọya. Ẹni tí ó rọ́ erùpẹ̀ bo irúgbìn àkọ́kọ́ náà kò mọ̀ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yóò wá jókòó ta pákó lábẹ́ rẹ̀. Ó kàn gbìn ín ni.

A mọ̀ pé dóńgóyárò tètè ń dàgbà, apá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn gan-an tí ó fi yẹ kí á tètè bẹ̀rẹ̀. Ní ilé, àwọn fọ́rẹ́sì ti gbin tíìkì sí igbó ọba bí Olókèméjì, wọ́n sì ti gbin gmelina sí apá kan igbó ọba Ọmọ ní ìhà Ìjẹ̀bú. Tíìkì tí a gbìn dára fún ilẹ̀ onípákó, ẹni tí ó bá gé e lè tún un gbìn. Kì í ṣe pákó ni a ń kọ̀ fún yín. Igi tí ẹnìkan kò gbìn, tí ẹnìkan kò sì fẹ́ gbìn, ni a kò fẹ́ tà mọ́.

PÁKÓ TÍ OMI KÒ LÈ JẸ

Ẹ kò tí ì gbàgbé ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí ìdídò Alau ya, tí omi bo Máídúgùrì. Àwọn ènìyàn kú, àìmọye ilé sì bàjẹ́. Omi wọ ibi tí a ń kó ọjà sí. Pákó tí a tò jọ léfòó lọ, páálí ìṣó dípẹtà, ìwé gbèsè wa di ẹ̀kọ. Nígbà tí omi fà, a padà lọ. Ògiri ti là, ilẹ̀kùn ti wú. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀, a sì kan ilẹ̀ ilé náà.

Ọ̀gá wa tí ó ti di olóògbé ló tẹ́ ilẹ̀ yẹn ní ọdún 1987. Pákó apá 42 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínṣì 12, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Àwa ọmọ iṣẹ́ ni a rù wọ́n lórí wọlé. A fọ̀ wọ́n, a sá wọn sí abẹ́ òjìji kí oòrùn má bàa là wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbẹ, a fi okùn wọ̀n wọ́n, a sì fi òòlù lù wọ́n. Ọ̀kan kò tẹ̀, ọ̀kan kò là, ìró wọn sì dún bí agogo. A dúró síbẹ̀, ojú tì wá. A kò ní pákó kankan tí à ń tà fún ènìyàn ní ọdún yẹn tí ó lè ṣe irú ohun tí èyí ṣe.

Alága, ẹ̀yin ènìyàn wa, pákó 42 náà ni àwa oníṣòwò pákó mú wá fún ìkówójọ òní. A kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. A ti wọn pèpéle tí ó wà nínú àwòrán ilé yín. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 24, ó fẹ̀ ní 18. Pákó 36 yóò bò ó tán, 6 tí ó kù yóò ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀. Ilẹ̀ yàrá òkè, ẹ fi kọnkéré ṣe é, kí ẹ tẹ́ táìlì sí i. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

OHUN TÍ A BẸ̀BẸ̀ FÚN

Èkíní, nínú owó tí ẹ bá ti ipa báyìí fi pamọ́, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Kí á gbin madaci, ìbátan ọ̀gànwó, yí ilé ìpàdé náà ká, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì máa bomi rin igi kan títí yóò fi lè dá dúró lábẹ́ oòrùn ìlú yìí.

Èkejì, bí a bá lọ sílé fún ọdún, kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìwó gbin apá sí oko baba rẹ̀, nítorí ó ń hù dáadáa ní ìhà ọ̀dàn. Kí ọmọ Ìjẹ̀bú gbin ìdígbò. Ìdígbò kì í pẹ́ dàgbà tó ìrókò. Bí ìrókò bá hù fúnra rẹ̀ lóko, kí á má ṣe sán an mọ́ igbó.

Ẹ̀kẹta, àwa oníṣòwò fúnra wa ṣe ìpinnu lójú gbogbo yín. A kò ní ra apá tàbí ìrókò tí kò ní òǹtẹ̀ fọ́rẹ́sì mọ́. A óò máa pe igi ní orúkọ rẹ̀ fún oníbàárà. Bí a kò bá ní apá, a óò sọ pé a kò ní. Bí wọ́n bá sì já ìtì apá sílẹ̀ níwájú wa, kí á tó dúnàádúrà, ẹnìkan nínú wa yóò na ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra. Ìtì tí apá bá ká, a kò ní rà á. A kò nílò ìwé púpọ̀ láti mọ òṣùwọ̀n yìí. Àwọn baba wa ti fi í sílẹ̀ fún wa nínú òwe.

Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wa tí ó yẹ ìpinnu yìí, ẹ bi í léèrè níta gbangba. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ níbí, tí a sì gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìrántí òní.

Kí Ọlọ́run bù kún àpò olúkúlùkù tí ó náwó lónìí. Kí ilé tí a fẹ́ kọ́ má ṣe wó. Kí àwọn ọmọ wa dàgbà débi tí wọn yóò fi rí igi tí wọ́n á na ọwọ́ sí, tí ọwọ́ wọn kò ní pàdé. Kí apá ọ̀tá má ṣe ká wa. Kí apá tiwa náà má sì ká apá mọ́.